Bí Òòrẹ̀ Ṣe Bọ́ Aṣọ Ara Rẹ̀

Ọyẹ́ kò yan olówó,
Òtútù kò bi ìwọ̀fà léèrè orúkọ baba rẹ̀,
Ohun tó mọ òógùn ara ẹni ló ń gba ara ẹni là.

Ọ̀rọ̀ tí Ifá fi pàdé Òòrẹ̀ aránṣọ nìyẹn, ní ọjọ́ tó ń fi omijé bọ́jú nítorí ọmọ. Wọ́n ní kó rúbọ. Wọ́n ní ẹbọ náà yóò dójú tì í kó tó gbè é.

Ní àkókò náà, kò sí ẹranko kan tó ní irun lára. Awọ lásán ni gbogbo wọn ń gbé kiri, bí awọ ikùn ọmọ tuntun. Aṣọ ni wọ́n ń wọ̀. Ní ìlú Ìràwé tí wọ́n ń gbé, Erin ni ọba. Òun ló ni oko òwú, òun ló ni àwọn tó ń ran òwú, òun náà ló sì ń pín aṣọ. Bí ipò ẹni bá ti ga tó ni aṣọ rẹ̀ ń gùn tó. Erin wá ṣe òfin kan lé e. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jáde síta láìwọ aṣọ, wèrè ni, a ó sì lé e kúrò nílùú.

Òòrẹ̀ ni aránṣọ ìlú. Kò sí aṣọ tó ya ní Ìràwé tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá di ojú rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ lé e lọ́wọ́, yóò sọ ẹni tó ni ín, yóò sọ ibi tó ti ya, yóò sì sọ ohun tó fà á ya. Aṣọ Ọ̀bọ a máa já ní ìdí, nítorí ìjókòó ni iṣẹ́ Ọ̀bọ. Aṣọ Ẹkùn, Balógun ìlú, ihò ló kún inú rẹ̀, nítorí inú ẹ̀gún ló máa ń gbà. Òòrẹ̀ ti fi àkísà dúdú lẹ̀ ẹ́ káàkiri títí tí kò fi sí àyè tó mọ́ lára rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ni Òòrẹ̀ fúnra rẹ̀ ní. Kíjìpá ni. Òun ló ń wọ̀ jáde, òun ló ń fi bora, òun ló ń fi bo ọmọ. Ọkọ rẹ̀ kì í gbélé, kò sì sí ẹni tó lè bá a wá oúnjẹ. Bó bá fẹ́ jáde lọ ṣa èkùrọ́, ó ní láti wọ aṣọ, nítorí òfin. Bó bá wọ aṣọ, ìhòòhò ni ọmọ yóò wà nínú ihò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ọdún mẹ́ta gbáko.

Òòrẹ̀ kò gbàgbé ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tó kú. Àkọ́bí kú ní ọjọ́ kẹfà tó dáyé. Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Èkùrọ́ méjìlá ni ìyá rẹ̀ lọ ṣà, ìgbà tó sì dé, ọmọ ti gan bí igi. Èkejì kú ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, nígbà tó ti hu eyín méjì. Ẹ̀kẹta pẹ́ jù wọ́n lọ. Ó ti ń rìn. Ẹnu ọ̀nà ni Òòrẹ̀ ti bá a, ó na ọwọ́ síta, síbi tí aṣọ gbà lọ.

Ní ọdún kẹrin, ọkọ rẹ̀ kú sẹ́nu pàkúté, ó fi oyún sílẹ̀ fún un. Ó bí ọmọbìnrin kan, ó sì sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta ní ọjọ́ tí ọyẹ́ tún kọ́kọ́ fẹ́. Òòrẹ̀ rí i tí ètè ọmọ ń funfun. Ó gbé e, ó gba ààfin lọ.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Erin. Ó ní, "Kábíyèsí, aṣọ kékeré kan ni mo ń tọrọ. Ìwọ̀n ohun tó lè bo ọmọ yìí."

Erin rẹ́rìn-ín. "Ìyá aránṣọ, ṣé ìwọ ni yóò máa tọrọ aṣọ? Gé tìrẹ sí méjì."

"Bí mo bá gé e, Kábíyèsí, kò ní bò mí dé orúnkún. Òfin yín yóò mú mi."

"Òfin kò mọ ìyá ọmọ," ni Erin wí. "Máa lọ."

Òòrẹ̀ dìde. Kò sunkún níbẹ̀. Etí odò ló gbà lọ, sọ́dọ̀ Ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í wọ aṣọ rárá, nítorí inú omi nilé rẹ̀, òfin Erin kò sì dé inú omi. Awo tó mọ Ifá dáadáa ni. Òòrẹ̀ jókòó, ó gbé ọmọ lé itan. Kò tíì yanu tí Ọ̀pọ̀lọ́ fi dífá fún un, tó sì sọ̀rọ̀.

"Ọmọ ló gbé ọ wá. Àwọn kan ti lọ ṣáájú èyí."

"Mẹ́ta ni, Baba."

"Ifá ní kí o rúbọ kí wọ́n má baà di mẹ́rin. Aṣọ ara rẹ ni ẹbọ. Gbogbo abẹ́rẹ́ ilé rẹ ni ẹbọ. Fi igbá epo kan tì í. Ojúmọmọ ni kí o gbé e lọ sí oríta. Bí o bá ń padà bọ̀, ọ̀nà ọjà ni kí o gbà, má gba ẹ̀yìnkùlé. Títí ọjọ́ méje, ẹni yòówù kó fi aṣọ lọ̀ ọ́, má gbà á."

Òòrẹ̀ di ọmọ mọ́ra. Ó ní, "Baba, nínú ọyẹ́ yìí lẹ ní kí n bọ́ aṣọ, kí ọmọ mi má baà kú òtútù?"

"Èmi kọ́. Ohun tí Ifá wí ni mo wí."

"Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun."

"Mo mọ̀."

"Kíjìpá yìí ti gbó. Ṣé kí n kúkú wá aṣọ tó dára ju èyí lọ, kó lè yẹ ẹbọ?"

Ọ̀pọ̀lọ́ mi orí. "Bí o bá mú aṣọ tuntun wá, aṣọ lo fi rúbọ. Bí o bá mú èyí wá, ara rẹ lo fi rúbọ. Aṣọ tó mọ òógùn rẹ ni Ifá ń bèèrè. Kò béèrè ẹwà."

Òòrẹ̀ fọwọ́ pa etí aṣọ náà. Aṣọ yìí ló wà lára rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ. Kí ló ti gbà sílẹ̀ fún un? Òfin ni aṣọ náà ń sìn, kò sin òun rí. Inú bí i sí i bí ìgbà tí inú ń bí ni sí ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀.

Ó ní, "Mo gbọ́, Baba. Màá rú u."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti là dáadáa, Òòrẹ̀ kó gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ jọ. Kò fi ọ̀kan pamọ́, títí kan èyí tó ti tẹ̀. Ó gbé e lọ sí oríta pẹ̀lú epo. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé abẹ́rẹ́ lórí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹgba. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó sì kọjú sí ọjà.

Òòrẹ̀ wọ ọjà. Ẹtu fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lójú. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun orí igi kó lè rí i dáadáa. Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láti orí àpótí tó jókòó lé.

"Ẹ wá wo aránṣọ tí kò láṣọ. Ìyá aránṣọ, ṣé àwọn abẹ́rẹ́ ló jẹ ẹ́ ni?"

"Mo fi rúbọ ni," ni Òòrẹ̀ wí. Kò dẹsẹ̀ dúró.

"Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni."

"Ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n bí síhòòhò, tó dàgbà síhòòhò? Ẹlẹgbẹ́ ló ń wá."

Àwọn èèyàn ọjà rẹ́rìn-ín. Òòrẹ̀ wá dúró. Ó yíjú sí i. "Ọ̀bọ, ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti rán ìdí aṣọ rẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ ni mo ń dúró dè. Jọ̀wọ́, dìde fún mi, kí ọjà yìí wo ẹni tó wà níhòòhò nínú àwa méjèèjì."

Ọ̀bọ kò dìde. Ẹ̀rín ọjà yí padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí mú. Òòrẹ̀ ń lọ ní tirẹ̀, kò yára, kò sì bo ara.

Ẹkùn pàdé rẹ̀ ní òpin ọjà. Aṣọ rẹ̀ tó kún fún àlẹ̀mọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n, Balógun. Òun ló pa ọmọ mẹ́ta fún mi."

"Èmi yóò lé ọ jáde nìyẹn."

"Ẹ lé mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo èjìká yín òsì. Ó ti tún ya."

Ẹkùn wo èjìká rẹ̀. Lóòótọ́ ló ya. Ó kùn, ó padà sí ààfin láti lọ rò fún ọba. Erin ronú. Kò fẹ́ pàdánù aránṣọ kan ṣoṣo tó wà nílùú, kò sì fẹ́ kí wọ́n tẹ òfin rẹ̀ lójú. Ó ní kí wọ́n fún obìnrin náà ní ọjọ́ méje láti wá aṣọ wọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kẹjọ tí kò wọ ọ́, kí wọ́n lé tìyá tọmọ.

Òòrẹ̀ ká ara rẹ̀ yí Málọmọ́ ká nínú ihò. Bó bá di ọ̀sán, a pọn ọmọ mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ìtàkùn, a jáde lọ ṣa èkùrọ́ níhòòhò, lójú gbogbo ayé. Ó yà á lẹ́nu pé ọdún mẹ́ta lòun fi bẹ̀rù ojú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ojú kò já ẹran jẹ. Ọyẹ́ ló ń já a jẹ.

Ọjọ́ karùn-ún ló le jù. Ọmọ kò mu ọmú láàárọ̀. Ó ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni kò gbọ̀n mọ́, èyí ló sì ba Òòrẹ̀ lẹ́rù, nítorí bí èkejì ṣe ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹkùn yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé aṣọ kan dání. Aṣọ náà funfun, ó nípọn, òórùn inú àpótí ọba ṣì wà lára rẹ̀.

"Kábíyèsí ní kí o fi bo ìtìjú rẹ."

"Ìtìjú mi ti kú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Balógun. Mo ti sin ín."

"Fi bo ọmọ, nígbà náà. Mi ò ní sọ."

Òòrẹ̀ wo aṣọ náà. Ó wo ẹnu ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì dé ara aṣọ. Ó rọ̀ bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ní ọjọ́ méjì sí i, ọ̀rọ̀ Ifá yóò pé. Ní ọjọ́ kan sí i, ọmọ yìí lè kú.

Ó fa ọwọ́ padà. Ó fi ẹsẹ̀ ti aṣọ náà kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ rẹ ni yóò kú," ni Ẹkùn wí.

"Bó bá kú, orí àyà mi ni yóò kú sí. Mi ò ní fi í sílẹ̀ lọ máa wọ aṣọ fún yín mọ́."

Ẹkùn mú aṣọ, ó lọ. Òòrẹ̀ gbé ọmọ sáàárín itan àti ikùn, ó ń mí èémí gbígbóná sí i ní orí, ní ọwọ́, ní ẹsẹ̀. Ọjọ́ yẹn ṣú, ó sì tún mọ́. Ní ọjọ́ kẹfà ọmọ mu ọmú díẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ keje, ohun kan rìn ín lára. Ó rò pé èèrà ni. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó bá irun níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìhà, ó bá irun. Ó yára gbé Málọmọ́ síbi ìmọ́lẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ ti bo ọmọ láti orí dé ìrù, ó rọ̀, ó dúdú, ó sì móoru. Òógùn wà lọ́rùn ọmọ náà. Nínú ọyẹ́, ọmọ Òòrẹ̀ ń làágùn.

Òòrẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún. Ó ké pe àwọn mẹ́ta tó lọ, títí kan èyí tí kò ní orúkọ. Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó sì gbé ọmọ lọ sí ọjà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìròyìn ti dé ààfin. Ẹ̀rù ba Erin ju bó ti sọ lọ. Bí aṣọ bá ń hù lára èèyàn, ta ni yóò máa kúnlẹ̀ tọrọ aṣọ lọ́wọ́ ọba? Ó ní kí Ẹkùn lọ fá gbogbo irun náà, ti ìyá àti ti ọmọ, kó kó o wá kí wọ́n fi hun aṣọ fún òun.

Ẹkùn bá a láàárín ọjà. "Kábíyèsí ní kí o wá fárun."

Òòrẹ̀ ní, "Ẹ lọ sọ fún Kábíyèsí pé òwú tó wà lóko rẹ̀ ni tirẹ̀. Èyí, ara mi ló ti hù. Bó bá wù ú, kó rú ẹbọ tirẹ̀."

"Má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ọ́."

"Balógun, mo ti kúnlẹ̀ bẹ ọba yín rí. Òní kọ́."

Ó ti ọmọ sí abẹ́ àyà, ó kọ ẹ̀yìn sí Ẹkùn, ó sì dúró gbọin. Ẹkùn na ọwọ́, ó di irun ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó fà á. Igbe tí Ẹkùn ké mú kí ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Àwọn abẹ́rẹ́ tí Òòrẹ̀ gbé sí oríta, Èṣù kò fi wọ́n rán nǹkan. Ó tọ́jú wọn de ọjọ́ yìí ni. Bí Ẹkùn ti fa irun náà ni wọ́n hù jáde ní ẹ̀yìn Òòrẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju igbọ̀nwọ́ lọ, dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun. Wọ́n kún àtẹ́lẹwọ́ Ẹkùn, wọ́n sì kún imú rẹ̀.

Ẹkùn jókòó sínú eruku. Kò lè fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè sún mọ́ ọn. Òòrẹ̀ yíjú padà, ó wò ó.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín wá. Aránṣọ ló mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń jáde."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n yọ. Ẹkùn ń mí kíkankíkan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Aṣọ ara ni o fi rúbọ, àbí?"

"Aṣọ ara ni. Gbogbo rẹ̀."

"Tèmi kò dára. Àlẹ̀mọ́ ni gbogbo rẹ̀."

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Òun gan-an ni kí ẹ gbé lọ."

Níbẹ̀, lójú ọjà, Balógun Ìràwé bọ́ aṣọ. Ó gbé e lọ sí oríta. Ọjọ́ yẹn ni àwọn yòókù náà gbéra. Bí aṣọ oníkálùkù ti rí ni irun rẹ̀ rí. Ti Ẹkùn, gbogbo ojú ibi tí Òòrẹ̀ ti fi àkísà dúdú lẹ̀ ni ó hàn lára rẹ̀ dòní olónìí. Ìgalà ti ta ẹfun sí aṣọ rẹ̀ rí, ẹ sì rí ẹfun náà ní ìhà rẹ̀. Àgùntàn bọ́ aṣọ onírun òwú, òun náà ló gbà. Ọ̀bọ náà gbé tirẹ̀ lọ sí oríta. Irun bo gbogbo ara rẹ̀ lónìí, àfi ìdí. Aṣọ kò sí níbẹ̀ tó lè fi rúbọ.

Ọyẹ́ kò dẹ̀. Ìyàwó Erin bẹ ọkọ rẹ̀, ó sì gbà níkẹyìn láti lọ sí oríta. Gbogbo ìlú jáde láti wò ó. Àwọn ìránṣẹ́ ru aṣọ ńlá funfun kan níwájú rẹ̀, èyí tó tó bo ilé. Ọba fúnra rẹ̀ ṣì wọ aṣọ tirẹ̀ sọ́rùn.

Òòrẹ̀ wò ó fínnífínní. Ó ní, "Kábíyèsí, aṣọ yìí kò tíì mọ yín. Kò sí ojú abẹ́rẹ́ mi kankan lára rẹ̀. Ti ọrùn yín ni mo rán."

"Èyí tó dára jù nílùú nìyí," ni Erin wí. "Ṣé Ifá kò mọ ohun tó dára ni?"

Ọ̀pọ̀lọ́ ti jáde nínú omi wá sí oríta. Ó ní, "Ifá kò béèrè èyí tó dára. Aṣọ ara ni."

"Ọba kì í bọ́ṣọ níta."

"Ìyá kan bọ́ ọ," ni Òòrẹ̀ wí.

Erin gbé aṣọ tuntun náà sílẹ̀, ó yí padà. Bó ti ń yí, fọ́nrán òwú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn ní ìrù. Ìwọ̀nba irun tó gbà nìyẹn, pẹ̀lú ṣákaṣàka mélòó kan tó hù lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí kò sí ẹni tó ń tọrọ aṣọ mọ́, kò sí ẹni tó lọ sí oko òwú. Ewéko bò ó. Aṣọ ọrùn ọba gbó, ó ya, aránṣọ kò sì ní abẹ́rẹ́ mọ́ àfi èyí tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ìhòòhò bá Erin, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ, ó fi ẹrẹ̀ bora. Òun náà ló ń fi bora títí dòní. Òfin aṣọ kú láìsí ẹni tó fagi lé e.

Málọmọ́ kò lọ mọ́ lóòótọ́. Ó dàgbà, ó bí ọmọ tirẹ̀, irun wà lára wọn láti inú ikùn wá. Bí Òòrẹ̀ bá sì gbúròó ẹsẹ̀ Ẹkùn nínú igbó, kì í sá. A kọ ẹ̀yìn sí i, a gbọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, Ẹkùn a sì rántí ọjọ́ ọjà yẹn, a yà sí ọ̀nà mìíràn.

Ẹni tí Ifá bá sọ̀rọ̀ sí, kó má ṣe fi ohun inú àpótí dípò ohun ara. Ẹni tó rúbọ tó tún pa ìkìlọ̀ mọ́, aṣọ rẹ̀ kì í gbó. Òòrẹ̀ gbọ́, ó ṣe é lójú gbogbo ayé, ara rẹ̀ sì di aṣọ fún un. Erin gbọ́ ìdajì, ìdajì náà ló sì bò ó.